Súwẹ́tà Ọmọ Tí Mo Rán Pọ̀

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Màgàríbà

A kì í parí aṣọ ọmọ tí a kò tí ì bí. Nítorí náà ni mo ṣe hun iwájú, ẹ̀yìn àti apá súwẹ́tà náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ inú Ràfíátù ọmọ mi. Awẹ́ kì í ṣe aṣọ.

Ọyẹ́ mú lánàá, mo rán gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ dà lára Ràfíátù nílé mi níbí. Oṣù méje péré. Ó wà ní ọsibítù.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kó aṣọ Ràfíátù lọ sí ọsibítù rí súwẹ́tà lórí àga. "Àlàájà, àlejò kò tí ì dé, ẹ ti tẹ́ ẹní?"

N kò gbà pé òwú lè ṣe oyún ní nǹkan. Síbẹ̀, mo ti tú apá kan.

Ọkọ Ràfíátù kò tí ì pè láti ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí n tú ìyókù kó tó pè.