Ẹni Tó Ń Tún Pupa Ṣe

Àtìní, 3 Nọ̀fẹ́ńbà 2025
Wọ́n gbé Pupa jáde lónìí. Mọ́tò eré onílẹ̀kùn méjì tí Àlájì ọkọ mi rà ní Kàdúná. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ọ̀mù-Àrán nígbà náà. Láti ọjọ́ tí Àlájì ti kú ló ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, tí adìẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Husnah ọmọ ọmọ mi ló ní òun fẹ́ jí i dìde. Ó ti gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá, tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ, pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún. Mẹ́rin ni Pupa ní tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màmá, á máa fò ni." Mo ní kó má gbé mi fò o, mi ò ní ìyẹ́.

Àlàrùbá, 5 Nọ̀fẹ́ńbà
Ẹ́ńjìnnì kò jókòó. Síìtì rẹ̀, irin tó ń jókòó lé, kò bá ti àtijọ́ mu. Husnah gé irin, ó jó o pọ̀ fúnra rẹ̀. Barnabas ọ̀gá rẹ̀ kàn dúró, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní kò sí ohun tó kù tí òun fẹ́ kọ́ ọ.
Epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà. Mo gbé ọṣẹ fún un. Kò bọ́ tán.
Ní kíláàsì àgbà tí àwa arúgbó ti ń kọ́ ìwé, wọ́n gbà pé ọ́fíìsì ni Husnah ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Tábìlì, fáànù, àga tó ń yí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàwé gboyè lóòótọ́ — ló bá lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

Àlàmísì, 6 Nọ̀fẹ́ńbà
Mi ò lọ sí kíláàsì. Orúnkún.

Jímọ̀, 7 Nọ̀fẹ́ńbà
Mi ò fẹ́ kọ èyí. Màá kọ ọ́.
Tíṣà Ebenezer wá wò mí nítorí orúnkún. Ṣàkírátù tẹ̀ lé e — ẹni tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, tí mò ń pè ní Ìyá Mo-Gbọ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́. Àgbàlá ni wọ́n bá wa. Husnah ń jáde bọ̀ látabẹ́ Pupa, nínú aṣọ iṣẹ́ tó ti di dúdú. A kò tíì ríra láàárọ̀. Ló bá kúnlẹ̀ kí mi.
Nílé wa, oríkì la fi ń dá ọmọ tó kúnlẹ̀ lóhùn. Àyìnkẹ́ ni tirẹ̀, èmi ni mo fún un. Tí mo bá ti pe Àyìnkẹ́, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ wa ni.
Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, mẹkáníìkì."
Ìyá Mo-Gbọ́ pariwo: "Ẹ̀n! Obìnrin! Níbo lẹ ti rí i?" Mo ní ọ̀dọ̀ Barnabas ni.
Husnah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó sì padà sábẹ́ mọ́tò.
Tíṣà béèrè Husnah lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà ní ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì ló yọ síta lábẹ́ Pupa. Wọn kò mira.

Sátidé, 8 Nọ̀fẹ́ńbà
Ojú ń tì mí.

Àtìní, 10 Nọ̀fẹ́ńbà
Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo ki í, mo ki í títí, mo fi ti baba baba rẹ̀ kún un. Ó ní sùúrù kí n parí, ó ní òun fẹ́ lọ gé ṣáàfù — irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà ẹ̀yìn. Gíábọ́ọ̀sì tuntun gùn, nítorí náà ṣáàfù gbọ́dọ̀ kúrú. Ó là á yé mi kedere, bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.
Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi kọ̀. Èmi tí wọ́n ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi.

Àlàrùbá, 12 Nọ̀fẹ́ńbà
Tíṣà ní ká kọ gbólóhùn kan nípa ọmọ wa. Mo kọ ọ́: Mẹkáníìkì ni ọmọ ọmọ mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo pa á rẹ́. Mo kọ: Ara ọmọ ọmọ mi le. Tíṣà ní mo gbà á.

Àlàmísì, 20 Nọ̀fẹ́ńbà
Pupa jí. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju tàtijọ́ lọ. Husnah fi gbé mi lọ sí kíláàsì, ó ń ti gíà bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, kò sí ìjà. Lójú ọ̀nà mo ti pinnu pé màá sọ ọ́ lónìí, níwájú gbogbo wọn.
Wọ́n tú jáde wá wò ó. Ìyá Mo-Gbọ́ tẹ orí sí fèrèsé. "Mẹkáníìkì ọjọ́sí nìyí! Ẹ wò ó, imú Màmá ló wà lójú rẹ̀! Àbí ọmọ yín ni?"
Mo la ẹnu.
Husnah ti yára dá Ìyá Mo-Gbọ́ lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Epo ẹ́ńjìnnì ló mú wa jọra, Màmá. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe fún wọn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó di apá mi mú nítorí orúnkún, títí mo fi wọlé.
Ó ṣe é kí n má bàa tẹ́.
Nígbà tí ó wa mọ́tò lọ, Ìyá Mo-Gbọ́ ní ilé ire ni mẹkáníìkì yẹn ti jáde, ó hàn lára rẹ̀.
Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀."