Ọ̀dà Kò Lẹ̀ Mọ́ Irin

Ṣakí, oṣù kọkànlá, 1919

Mọ́rìnọ́lá, ìyá Àjàgbé,

Àlàáfíà ni mo wà, mo sì ń jẹun dáadáa. Mo ṣèlérí pé n óò gbé mọ́tò akẹ́rù wa dé Ìsẹ́yìn kí o tó bímọ. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló dá mi dúró. Alágbẹ̀dẹ ti na irin iwájú tó tẹ̀ nígbà tí mo fi í kọlu igi òrí, káfíńtà sì ti kan pákó ẹ̀yìn. Ọ̀dà nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bó bí awọ ejò. Mo fi yanrìn ha á, mo fọ̀ ọ́, kò lẹ̀ síbẹ̀. Kò yé mi rárá.

Láàárọ̀ àná, mo bá ìyá onílé mi nídìí mọ́tò, ó ń fi epo pupa pa á lára.

Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ láti ọjọ́ yìí?”

Ó ní, “Irin tó fẹ́ pa ọ́, ṣé ọ̀dà lo fẹ́ fi tù ú? Lọ jókòó, má fi ẹsẹ̀ tó kán yẹn dúró.”

Èmi tí mo kàwé òwò l'Ékòó, mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo jókòó. Lónìí mo kun apá ọ̀tún, mo fi apá òsì sílẹ̀ fún ìyá onílé. N kò mọ ẹni tó tọ̀nà nínú wa.

Bá mi kí ìyá mi. Bí wọ́n bá bèèrè ẹsẹ̀ mi, sọ pé wọn yóò tú igi tí wọ́n fi dì í láìpẹ́. Bí ọmọ bá dé, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ má dúró dè mí. Kí Àjàgbé.

Ọkọ rẹ, Ìyápọ̀