Síìtì Ẹ̀yìn Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Màmá Rẹ

Ilé Ayọ̀rìndé,
Itele,
lọ́nà Ọ̀tà.

Dámiláre, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Àbújá yẹn? Ṣé òtútù kò pọ̀ jù, àbí ooru ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀? Èyí tó wù kó wà, kò ní pa ọ́ lára. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ nígbà tí o ń rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ẹ̀yìn ilé ti ga tó èjìká mi, adìyẹ màmá rẹ sì ti pa ọmọ.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kí màmá rẹ gbọ́ ọ. Bí mo bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, dandan ni kí n pariwo, nítorí Àbújá jìnnà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí o fi sílẹ̀ fún wa ni. O rántí pé nígbà tí màmá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ inú tán, mọ́tò náà máa ń dún gbì bí mo bá ti fi í sí jíà. Gbóyèga, mẹkáníìkì ọ̀nà Ilo-Awela, wò ó, ó ní síìtì ẹ́ńjìnnì tẹ̀yìn ló ti ya. Mo pè ọ́, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wàá fi síìtì ẹ̀yìn tó lágbára ránṣẹ́, pé kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀, pé o fẹ́ ṣe apigíréèdì rẹ̀. Gíréèdì ni mo mọ̀ láti ilé ìwé. Mo ní wọ́n ti gbé mọ́tò wa lọ sí kíláàsì tó ga nìyẹn, inú mi sì dùn.

Nígbà tí mo gbọ́ síìtì ẹ̀yìn, ibi tí màmá rẹ máa ń jókòó sí ni ọkàn mi lọ. Mo sáré wọlé, mo ní Títílọlá, ọmọ rẹ ti ra ìjókòó fún ọ o, kó o lè máa rí ibi tó dẹ̀ jókòó sí bí a bá ń lọ fi ojú egbò han dókítà. Ọmọ mi, ìbá wù mí kí o rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà fún ọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ká aṣọ tí a fi ń bo síìtì tẹ́lẹ̀ kúrò, ó ní òun ò ní bo tuntun, kí gbogbo Itele rí i.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ẹrù náà ní gáréèjì Ṣàngó, okùn ni mo mú dání, mo sì ti bá ọlọ́kadà kan sọ ọ́ pé a ó jọ gbé àga. Páálí kékeré bíi ti bàtà ọmọdé ni wọ́n nà sí mi. Irin ni mo bá nínú rẹ̀, àti rọ́bà pupa kan tó le bí eegun. Mo ní bóyá ẹsẹ̀ àga náà nìyí, ìyókù ń bọ̀. Gbóyèga gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó dè é, ó ní ó ti parí. Mo wo síìtì ẹ̀yìn, bákan náà ló rí. Ojú tì mí láti béèrè. Mo ní ọgbọ́n ìgbàlódé ni, inú ni dídẹ̀ rẹ̀ wà, kì í hàn síta.

Lóòótọ́, gbì yẹn kò dún mọ́, bí mo bá sì tẹ iná, mọ́tò á fò bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n ó wá ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n ti kòtò, nítorí kòtò ní ibi tó parí sí. Èyí, bí a bá dúró jẹ́ẹ́ pàápàá, ó ń gbọ̀n. Eyín mi ń lu ara wọn. Mo ní ibà ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí mu àgbo, kò lọ. Bí mo bá wà nílé, ara mi á le koko, bí mo bá wọ mọ́tò, ibà dé.

Ní ti màmá rẹ, ó máa ń gbé ìrọ̀rí lé ikùn lẹ́yìn níbẹ̀, á sì máa kọ orin ìsìn. Ohùn rẹ̀ ń mì rìrì bíi ti àwọn akọrin inú rédíò. Mo yìn ín, mo ní iṣẹ́ abẹ yìí ti tún ohùn rẹ ṣe o. Ó ṣáà ń kọrin rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí a ń ti ọsibítù bọ̀, tírélà kan dábùú ọ̀nà nísàlẹ̀ bíríìjì Ṣàngó, ọ̀nà dí pa. Mo pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà jó dànù. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn màmá rẹ dúró ṣinṣin. Ó wá mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo wo dígí, mo rí i tó ń yọ ọwọ́ kúrò níbi egbò díẹ̀díẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí. Mo tún bi í. Ó ní kí n má bínú, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti de síìtì yìí ni gbígbọ̀n rẹ̀ ti ń wọ òun lára níbi tí wọ́n rán, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún òun, orin ni òun fi ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó ní ọmọ tó wà lókèèrè, tó ronú nípa ibi tí ìyá rẹ̀ máa jókòó sí, ṣé òun á wá ní ìjókòó náà ń dun òun ni? Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí o gbọ́ láéláé.

Dámiláre, mo kọjú síwájú, mo di sítíárìn mú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Gbóyèga, mo ní kó yọ ìjókòó yẹn. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ẹ́ńjìnnì ló ń jókòó lé e, kì í ṣe èèyàn. Ó ní èyí tí o rà kò burú rárá, pé ojúlówó ni, ó ń di ẹ́ńjìnnì mú kó má máa fì síwá fì sẹ́yìn, àwọn tó ń sáré ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ le, kì í gbé gbígbọ̀n mì bíi ti tẹ́lẹ̀, ara ẹni tó jókòó ló ń tì í sí. Ó ní kí n wá sítọ́ọ̀kì wá, pé sítọ́ọ̀kì ló máa gba màmá sílẹ̀.

Mo lọ sí ọjà, mo ra sítọ́ọ̀kì tó tóbi jù níbẹ̀, èyí tó gbẹ dáadáa, tó ń dún ko bí igi. Mo gbé e fún Gbóyèga. Ó wo ẹja, ó wò mí, ó jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní sítọ́ọ̀kì tí òun wí kì í ṣe ẹja, pé irú èyí tí iléeṣẹ́ fi bí mọ́tò náà ni. Ìwọ náà gbọ́, ta ni kò mọ̀ pé ẹja ni sítọ́ọ̀kì? Ó bá mi ra tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, ó sì dè é. A fi ẹja náà se ẹ̀fọ́, màmá rẹ jẹ ẹ́ ní àjẹyó, ohun tí kò ṣe láti ìgbà iṣẹ́ abẹ.

Mi ò sọ fún un pé a pààrọ̀ nǹkan kan. Mo ní ìjókòó Dámiláre ló ti mọ́ ọn lára. Jọ̀ọ́, bá mi bò ó. Tìrẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wé e sínú aṣọ. Bí o bá wálé, fi sí mọ́tò tìrẹ, ìwọ tí eegun rẹ ṣì le. Má rò pé a kọ ẹ̀bùn rẹ o. Ẹni tó fi ìrora pamọ́ nítorí ẹ̀bùn, kò kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, dókítà ní egbò ti jiná. Bí a ti ń bọ̀, mo ń retí orin, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo dígí, màmá rẹ ti sùn lọ. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò di ibì kankan mú. Ó pẹ́ tí oorun ti gbé e báyìí gbẹ̀yìn. Nígbà tí a dé iwájú ilé, mo rò ó pé bí mo bá dúró, yóò jí. Mi ò dúró. Mo kọjá ilé wa, mo wà á lọ sí Ilo-Awela, mo tún yí padà. Àwọn aládùúgbò ń juwọ́ sí mi, wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé ilé ni, mo fi ìka lé ètè. Mo ń yí po bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí iná epo fi tàn pupa níwájú mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó epo díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Fi í sí báǹkì, ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ kékeré fún èèyàn lówó ní ìkòríta máa ń bá mi yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí ibi tí owó ń gbà wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Má rò pé mo ná epo yẹn ní ìnákúnàá. Oorun ni mo fi rà.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ohun tí o bá fi ìfẹ́ rà kò ní di ìnira lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run yóò sì fún ọ ní ẹni tí yóò wa mọ́tò kọjá ilé, nítorí pé o ń sùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Afọlábí Ayọ̀rìndé.