Irùngbọ̀n Tí Ẹ Rí Lẹ́nu Ẹja Náà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ojú tó ń wọ̀nà fún èmi ọmọ tí kì í kọ lẹ́tà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kàdúná níbí, àyà mi kanlẹ̀. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Bàbá Gàní, àbúrò Bàbá mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀. Sàlámọ̀ àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ìwọ ni kí o kà á sókè fún Bàbá. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tó bá ti dójú tì mí.

Ara mi le. Iṣẹ́ táyà ni mo ń kọ́ ní ibùdókọ̀. Táyà tí mo ti tú láti ìgbà tí mo dé, tí ẹ bá tò wọ́n, wọ́n á ti Kàdúná dé Adìgbè, á sì ṣẹ́kù tí Ìyá á fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ẹ̀gbá. Ètè mi ti là tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Kò kúkú sí ohun ẹ̀rín púpọ̀, torí Haúsá ni gbogbo wọn ń sọ, tí mo bá dá àpárá, èmi náà ni mo ń rín in. Ọ̀gá mi kò burú, ó ń fún wa lówó oúnjẹ, àmọ́ oúnjẹ kì í jẹ́ kí owó náà sùn mọ́jú.

Tí a bá fẹ́ mọ ibi tí tíúbù ti lu, inú agbada omi la máa ń rì í sí, ká wá wo ibi tí omi ti ń hó. Bàbá, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹjú mọ́ omi yẹn, ẹja ni mo ń rí.

Lẹ́tà tí Sàlámọ̀ kọ kẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó ní ẹ ti sọ fún Bàbá Gàní pé tí ààwẹ̀ bá ti parí, ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ aṣọ lé wọn lọ́wọ́, torí ojú yín kò dá aṣọ mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí aṣọ ayédèrú ń tijú láti kọjá níwájú yín. Mi ò lè kọ èyí sí yín ní kọ̀rọ̀. Mo ní kí àwọn oníwèé-ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, torí gbogbo Ìjẹmọ, àdúgbò wa, ló ti gbọ́ pé ojú Bàbá Làmídì ti ń lọ. Ó yẹ kí gbogbo Ìjẹmọ gbọ́ ẹni tó purọ́ mọ́ ojú náà.

Òyìnbó oníbàárà yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìtòrí ló ta àpótí gíláàsì yẹn fún yín, tòun tẹja inú rẹ̀, nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ní báàbù ni wọ́n ń pe irú ẹja tí gbogbo wọn jẹ́, ó sì lọ. Ẹ̀yin lẹ wá jókòó tì wọ́n, tí ẹ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo aṣọ. Àwọn mẹ́fà tó ní ilà dúdú mẹ́rin lára, ẹ pè wọ́n ní Ẹlẹ́kùn. Ẹ ní ó dà bí ẹni tó lọ kọ pélé tí olóòlà gbàgbé láti dáwọ́ dúró. Jàgídíjàgan ni wọ́n, wọ́n ń gé ìrù ẹja mìíràn jẹ, ẹ sì ní iye wọn kò gbọ́dọ̀ dín, kí wọ́n lè máa rí ara wọn bá jà. Àwọn méje tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àmì dúdú kan ṣoṣo nítòsí ìrù, àwọn ni Olójú-ìrù, àyànfẹ́ yín. Ẹ máa ń fi tanwíjí bọ́ wọn bí ẹni ń fún ọmọ lóyin. Ẹ máa ń pe oníbàárà wọlé pé kó wá wo ẹnu wọn. Ẹ ní báàbù odò tiwa ń hu irùngbọ̀n tín-ín-rín lẹ́nu, Olójú-ìrù kò ní rárá, ibẹ̀ la ti ń mọ̀ wọ́n, bí a ṣe ń mọ ojúlówó aṣọ létí rẹ̀.

Omi wọn ní àmù tirẹ̀. Ẹ kì í bu omi ẹ̀rọ fún wọn lọ́jọ́ tí a pọn ọ́n. Ẹ ní oògùn wà nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì nínú àmù kí oògùn náà fi jáde. Nígbà tí ẹ lọ kó aṣọ l'Ékòó, tí Iléyá ku ọ̀la, iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi rán mi: kí n pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi ẹja, kí n fi ti inú àmù náà dí i.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Ìyá dé láti Ìtòrí. Wọ́n tó ìlú kan, òùngbẹ wọn tó ti ìlú méjì. Wọ́n mu àmù ilé gbẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àlejò kì í béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì nílé yín, mo bá bu omi inú àmù ẹja fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n ṣàdúrà fún mi, orí mi wú. Mo wá rò ó pé omi tuntun la fi ń dá ẹni pàtàkì lọ́lá, kí ló dé tí ẹja Bàbá á máa mu omi ìjẹta? Mo gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ, mo pọn ọ́n tútù, mo dà á sí àpótí. Mo tún fi súfèé sí i.

Mi ò tíì gé èékánná ọwọ́ kan tán tí Ẹlẹ́kùn ti ń ya ẹnu lókè omi. Olórí kunkun làwọn yẹn, wọ́n padà jí. Ṣùgbọ́n Olójú-ìrù méjèèje ti fi ikùn kọjú sókè.

Mo sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Mo mú asẹ́ ògì Ìyá, mo sá lọ sódò Ògùn, mo sì rí ẹja kéékèèké méje tó ní àmì nítòsí ìrù. Ẹni tó bá ń sáré kọjá lè pè wọ́n ní Olójú-ìrù. Àmọ́ gbogbo wọn ló hu irùngbọ̀n. Mo jókòó sétí odò, mo rò ó gan-an bóyá kí n fi abẹ fá a fún wọn. Nígbẹ̀yìn, mo kó wọn sínú àpótí náà tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n.

Àárọ̀ Iléyá lẹ wọlé. Ẹ kò tíì bọ́ fìlà tí ẹ fi lọ sídìí ẹja. Ẹ dúró pẹ́. Ẹ wá pè mí, ẹ bi mí bóyá irùngbọ̀n kọ́ lẹ ń wò yìí. Mo tẹ imú mọ́ gíláàsì, mo ní mi ò rí irùngbọ̀n kankan. Ẹ ní kí n wò ó dáadáa. Mo ní eruku ọ̀nà Èkó ló ṣì wà lójú yín. Ẹ nu ojú, ẹ tún wò, ẹ ní ẹ ṣì ń rí i. Mo wá fẹjú mọ́ yín, mo ní Bàbá, ojú náà ti ń dàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká ní ẹ gbá mi létí ni, ǹ bá jẹ́wọ́. Ẹ kò gbá mi. Ẹ bẹ̀ mí. Ẹ ní kí n má bínú, pé ẹ ti ń fura sí mi lọ́kàn láìnídìí. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹran, ẹ ní igẹ̀ àgbò, Làmídì ni kí wọ́n fún. Mo jẹ ẹ́, Bàbá. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ra awò ojú tí ẹ kò nílò. Awò náà ń sọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ di kòtò, mo ń wò yín bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara yín bí ẹni ń ré odò kọjá. Ọkùnrin kan wá gbé ìdì aṣọ wá sí ìsọ̀. Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀, ẹ ní ayédèrú ni. Ó ní ẹ tún un wò, ṣé kì í ṣe ojú ló ń dà yín láàmú, òun ti gbọ́. Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi. Mo wolẹ̀. Ẹ bá rà á. Nígbà tí aṣọ náà ṣí nínú omi, wọ́n ní ojú Bàbá ló fà á. Ojú yín ti kọ́kọ́ rí i. Èmi ni mo mú kí ẹ má gbà á gbọ́.

Mo sọ fún yín pé iṣẹ́ ni mo ń wá lọ sí Kàdúná. Awò yẹn ni mo sá fún.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ awò yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìyá àti Bàbá Gàní wà níbẹ̀. Kí Sàlámọ̀ bu ọ̀kan nínú ẹja méje tí mo kó láti odò sínú abọ́ funfun, kó gbé e sínú oòrùn. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ka irùngbọ̀n rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó kà á. Mẹ́rin lẹ máa rí. Mo ti kà á létí odò. Tí ìsọ̀ bá wá ń rẹ̀ yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e fún Bàbá Gàní pẹ̀lú ìdùnnú. Kó ṣáà má jẹ́ irọ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá sì pinnu lórí èmi, mo fara mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀mí yín gùn, kó pa ojú yín mọ́ lọ́wọ́ àrùn àti lọ́wọ́ ọmọ. Kó fún Ìyá ní ìsinmi, kó jẹ́ kí ọjà Bàbá Gàní máa tà. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àtàgbà àtèwe, àti àwọn ará Ìtòrí tó mu omi yẹn. Wọn kò mọ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n.

Èmi ni, pẹ̀lú ìtìjú,
Làmídì, ọmọ yín.