Òpó Àwọ̀n Tí Mo Gbẹ́ fún Ẹgbẹ́ Bíńtín

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nílé, jókòó kí o kà á dáadáa. Bí ó bá sì bá ọ níbi iṣẹ́, kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí ọ̀gá rẹ má baà rò pé eré lo wá ṣe. Ṣé ara ń le? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ilé alájà mẹ́fà tí ò ń gbé yẹn kò ní wó lé ọ lórí, torí mi ò mọ káfíńtà tó kan òrùlé rẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òun ló ní kí n kọ̀wé yìí, ó ní kí n má sì fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pamọ́.

Láti ìgbà tí o ti mú ọmọ rẹ wá sọ́dọ̀ wa kí o lè ráyè ṣiṣẹ́, Bíńtín kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Òun ló kéré jù ní kíláàsì. Bí àwọn yòókù bá ń sáré, ògiri ló máa ń fẹ̀yìn tì. Ó ń dùn mí, mi ò kàn sọ fún ọ ni. Àfi lọ́jọ́ kan tó délé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní tíṣà eré ìdárayá fẹ́ kọ́ àwọn ní fọ́líbọ́ọ̀lù, òun sì ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin. Ó mú fọ́ọ̀mù wá fún mi. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá àìsàn kankan wà. Inú mi dùn pé ẹnì kan tiẹ̀ béèrè, mo bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: orúnkún ọ̀tún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ríro, ojú òsì tí kò ríran dáadáa mọ́, eyín mẹ́rin tó ti ká. Lọ́jọ́ kejì tíṣà sáré wá sílé, ó ní irú ọmọ báyìí kò gbọdọ̀ fò rárá. Ìyá rẹ ló ṣàlàyé, tó gba fọ́ọ̀mù mìíràn, tó sì gbé bíìrò pamọ́ fún mi.

Tíṣà wá bẹ̀ mí pé kí n gbẹ́ òpó méjì tí wọ́n máa so àwọ̀n mọ́. Ó ní kó má ga, torí ti ọmọdé ni tiwọn: bọ́ọ̀lù rẹ̀ fúyẹ́, wọ́n lè kọ́kọ́ gbá a mú kí wọ́n tó jù ú sódìkejì, ó sì lè balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó má jẹ́ nǹkan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n fẹ́ fi òpó kúkurú rẹ́ àwọn ọmọ jẹ ni. Ìwọ náà sì dá kún un. Fídíò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí àwọn géńdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà, mo gbé téèpù irin tí mo fi ń wọn pákó lé e lójú fóònù. Àwọn géńdé yẹn kò ju èékánná mi lọ, àwọ̀n sì ga jù wọ́n lọ dáadáa. Mo ní bí ẹni tó tó èékánná bá lè ṣe é, kí ni yóò dá ọmọ tó ga dé ìdodo mi dúró?

Mo fi igi tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́ ẹ kó ga bíi tàwọn géńdé, mo fi sánpépà dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Lọ́jọ́ tí a rì í, gbogbo ilé-ìwé ń wòkè. Bọ́ọ̀lù kò kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bíńtín jù ú títí, ó ń padà bà á lórí, àwọn ọmọ ń fi í rẹ́rìn-ín, ló bá padà sídìí ògiri. Nígbà tó délé, ó ní òun ò ṣe mọ́, òun kéré jù. Ọkàn mi bàjẹ́, torí èmi ni mo sọ ọ́ di kékeré, kì í ṣe Ọlọ́run.

Ìyá rẹ ní kí n gbé ayùn. O mọ̀ mí, mi ò gé iṣẹ́ tí mo ti dán rí. Bẹ́ẹ̀dì wa tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ògiri ni mo wó. Ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé ṣọ́bìrì, mo hú òpó méjèèjì, mo gbẹ́ ihò wọn jìn títí orúnkún mi fi kọ̀, mo sì tún wọn rì. Mo ní kí Bíńtín dúró kó nawọ́ sókè. Ibi tí ìka rẹ̀ dé ni àwọ̀n dúró sí. Èmi fúnra mi ni mo ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó gbá a mú, ó jù ú, ó kọjá. Àwọn mẹ́ta yòókù sáré wá bá a.

Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti wá ń pariwo báyìí pé ti òun ni, ti òun ni. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ wọn bá gba bọ́ọ̀lù padà, kí oníkálukú sún síbi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà. Bíńtín ti gbé òfin yìí délé, ìyá rẹ ló ń jókòó lórí àga mi báyìí, èmi sì wà lórí àpótí.

Jọ̀ọ́, fi owó bọ́ọ̀lù fúyẹ́ kan ránṣẹ́, torí mo jókòó lé èyí tí wọ́n ní, ó sì bẹ́. Fún ẹni tó ń bọ̀ wálé kó bá ọ mú un wá, má fi í sínú fóònù, torí ojú fóònù ti là látìgbà tí mo gbé téèpù lé e, kí owó má baà jò dànù.

Ọwọ́ rẹ yóò máa tó ohun gbogbo tí o bá nà án sí. Tíṣà ní bí àwọn ọmọ bá ṣe ń ga la ó máa gbé àwọ̀n sókè, òpó mi sì ṣì kù púpọ̀ nínú ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fà á sókè ní ìwọ̀n ìka kan. Wá wo ọmọ rẹ kí n tó fà á tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.