Igbá Oògùn Nínú Kíṣíìnì Nimia

                                        Ilé Màmá Saturia,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́,
                                        Playa Guamo, Odò San Juan,
                                        Chocó, Colombia.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Eufemia, àbúrò mi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Cali níbẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́, ṣé ó ti ń lọlẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ó sinmi nídìí iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ yẹn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyá àgbà tí ń gbé lókè yín tí kì í dáhùn ìkíni? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò kò fún wa nísinmi láti oṣù tó kọjá. Odò ti gun àtẹ̀gùn kẹta ilé mi, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ so dáadáa, ẹja sì ń bọ̀. Ara mi le. Eyín kan ṣoṣo ló kúrò lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn, n kò sì wá a.

Má bínú pé ìwé yìí yóò gùn. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà máa ń sọ pé kí a má ṣe kọ̀wé nígbà tí inú bá ń bí wa, nítorí ọwọ́ a máa tẹ bébà ya. Mo ti dúró fún ọjọ́ mẹ́rin kí inú mi rọ̀. Kò rọ̀.

O mọ̀ pé Yirleza ọmọ-ọmọ mi ti padà wálé láti oṣù Kẹrin. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí kì í sú mi. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ̀bí rẹ̀ nínú yàrá tí mo jókòó sí yìí, òun ló di nọ́ọ̀sì tó kàwé ní yunifásítì, òun sì ni àwọn dókítà Medellín fi ṣe olórí ìwádìí wọn lórí odò wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún ni wọ́n ń wádìí, irú èyí tó máa ń di gìrì. Àìsàn yẹn náà ló pa Nelcy ìyá Yirleza nínú ọkọ̀ ojú omi, kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Yirleza jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ìwọ náà wà níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Oògùn tuntun kan wà tí wọ́n rò pé ó lè dènà ẹ̀jẹ̀ ríru náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dá wọn lójú. Gbogbo aláboyún ṣì ń gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò kan tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà lára. Nínú ìgò àwọn kan, oògùn tuntun náà ni. Nínú ti àwọn tó kù, ẹfun lásán ni, tí wọ́n ṣe kí ó jọ oògùn. Ẹni tó ń gbé e mì kò mọ̀. Yirleza tó ń pín in kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ní Medellín ló mọ̀. Bí gbogbo wọn bá bímọ tán, wọn yóò fi ẹgbẹ́ oògùn wé ẹgbẹ́ ẹfun, ìgbà náà ni a ó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Nítorí pé àwọn kan nínú àwọn obìnrin wa kò mọ̀wé, wọ́n ní kí ẹnìkan tí kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn máa ka ìwé àdéhùn sétí wọn, kí ó sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Èmi ni wọ́n mú. Èmi tó jẹ́ pé ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ara mi láìwo ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kà á fún obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní abúlé wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wà ní ìlà kẹsàn-án pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn nínú oògùn rẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń dúró, mo máa ń wo ojú wọn. Wọn a mi orí. Wọn a ní, "Ó ti yé wa, Màmá Saturia."

Eufemia, kò yé wọn. Tàbí kí n sọ pé ó yé wọn ju bí mo ṣe rò lọ.

Lóṣooṣù ni Yirleza máa ń ka hóró tó kù nínú ìgò kálukú, láti mọ ẹni tó ń lò ó déédéé. Ní àwọn abúlé mìíràn, iye náà kì í pé. Ọ̀kan á gbàgbé, òmíràn á ní tòun bọ́ sódò. Ṣùgbọ́n ní Playa Guamo, hóró kan kò lé, hóró kan kò dín, fún oṣù márùn-ún gbáko. Wọ́n pè é láti Medellín láti yìn ín. Èmi náà kò jókòó. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ létí odò, mo sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn ń kọjá lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ tọrọ iyọ̀ nílé Nimia. Nimia ni ọmọ Doña Eulalia tó ń hun ẹní; Nimia yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru gba oyún lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo rí igbá ńlá kan lórí tábìlì kíṣíìnì, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Mo rò pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, mo ṣí i. Hóró funfun ló kún un dé ẹnu.

Mo ní, "Nimia, kí nìyí?"

Ó ní, "Oògùn ni, Màmá."

"Oògùn ta ni?"

"Tiwa ni."

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Láti ọjọ́ tó ti gba ìgò tirẹ̀ ni kò ti lè sùn, ó ń rò pé ẹfun ló bọ́ sí òun lọ́wọ́. Pastora, ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí òun náà lóyún, ní kó mú ìdajì ti òun, kí òun náà mú ìdajì tirẹ̀, pé ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á ní ojúlówó. Digna, aláboyún mìíràn, gbọ́, ó bínú pé kí ló dé tí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, gbogbo wọn ti ń gbé ìgò wọn wá lẹ́yìn aṣọ fífọ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn a da gbogbo rẹ̀ sínú igbá, wọn a fi ṣíbí igi pò ó, wọn a sì wá bu iye tó yẹ kálukú padà. Bí ẹnìkan bá ti gbàgbé lílò, wọn a bá a tún un ṣe kí Yirleza tó dé. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi ń pé.

Mo ní, "Ṣé n kò ka ìlà kẹsàn-án fún ọ ni?"

Ó ní, "Ẹ kà á, Màmá. Ẹ ní kí n má fún ẹlòmíràn. Pastora kì í ṣe ẹlòmíràn."

Mo bi í bóyá àwọn aláboyún nìkan ló ń jẹ nínú igbá náà. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ó ní Don Evaristo, bàbá arúgbó yẹn, ti tọrọ díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, orúnkún náà sì ti san. Mo bi í pé èwo ló mú, oògùn ni àbí ẹfun. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ náà mọ odò wa. Ta ló pa ẹlẹ́dẹ̀ rí níbí tí kò gbé àwo dé ilé méje? Ta ló dá nìkan ro oko rẹ̀ rí? Ó ju ìdajì àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ tó jẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí wọ́n wáyé, ẹnu mi yìí náà ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Wọ́n gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀ wọ́n lára. Mo ka ìlà kẹsàn-án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá odò lọ.

Nimia bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Yirleza. Ó ní bí Medellín bá gbọ́, wọn yóò kó iṣẹ́ náà kúrò lórí odò. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Bí a bá dákẹ́, ìwádìí yóò máa bọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò sọ fún gbogbo obìnrin tó bá gbà á gbọ́. Bí a bá sọ̀rọ̀, ohun tí ọmọ mi fi ọdún mẹ́wàá kàwé lé lórí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e mì. Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó mú fóònù, ó gun orí òkè níbi tí fóònù ti ń gbọ́ràn, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀, Eufemia. Iye náà pé. Síbẹ̀ ó pè é.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Dókítà Arizmendi, ọ̀gá Yirleza, dé nínú òjò, pẹ̀lú bàtà tí kò mọ ẹrọ̀fọ̀ rí. A pé jọ sí yàrá ilé ẹ̀kọ́. Ó bá wa wí fún bíi wákàtí kan. Ó ní oṣù márùn-ún ti ṣègbé, òun yóò ti iṣẹ́ náà pa níbí, òun yóò gbé e lọ síbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń gbọ́ràn.

Digna ní, "Tí ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ bá wa kí wọn."

Pastora dìde, ó fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ká ní ìyàwó yín lóyún, àbúrò rẹ̀ náà lóyún, wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan, ẹ wá fún ọ̀kan ní oògùn, ẹ fún èkejì ní ẹfun. Ṣé wọn á kàn jókòó, wọn á máa wo ara wọn ni?"

Dókítà ní ìyàwó òun máa ń tẹ̀lé ìlànà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àwọn adìẹ sá kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Yirleza ló pa ẹ̀rín náà. Ó dìde, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìyá mi kú nínú ọkọ̀ lójú ìdajì ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí. Ẹ̀yin lẹ bá màmá àgbà fọ aṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ohun tí ì bá gbà á là. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú igbá yẹn, kó má sì sí níbẹ̀. Mi ò mọ̀. Ẹ ti pò ó pọ̀, mi ò sì lè mọ̀ mọ́."

Nimia ló dá a lóhùn. Ó ní, "Yirleza, má bínú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá. Ìwé tí wọ́n ti kọ tán ni wọ́n gbé wá. Ká ní wọ́n bi wá ni, à bá ti sọ pé a kì í pín abúlé sí méjì lórí odò yìí. Ẹ fún gbogbo wa lóògùn, tàbí kí ẹ fún gbogbo wa lẹ́fun, kí ẹ wá fi abúlé mìíràn wé wa. Ẹfun tí gbogbo wa bá jọ jẹ, kò ní ba àárín wa jẹ́."

Dókítà wo Yirleza. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n ti rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ abúlé púpọ̀ àti àkókò púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. O gbọ́? Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju igbá lọ. Èmi náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Mo kàwé sí wọn létí títí ọ̀fun mi fi gbẹ, n kò bi ẹnì kan ṣoṣo pé kí lo rò sí i. Mo rò pé ẹni tó mọ̀wé kà ti ṣe tán.

Wọ́n jọ sọ ọ́ títí òjò fi dá. Abúlé méjìlá ni yóò wọ̀ ọ́ báyìí, abúlé kan, irú oògùn kan. Pastora béèrè bí àbúrò rẹ̀ tó wà lábúlé òkè bá tọrọ díẹ̀ ńkọ́. Yirleza ní wákàtí kan ààbọ̀ ni ibẹ̀. Pastora ronú, ó ní epo ọkọ̀ ti wọ́n jù, kí àbúrò òun jẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ náà dúró sórí odò. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ti lọ. Ìwé gbogbo àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n yọ kúrò, Yirleza yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí obìnrin àkọ́kọ́. Àwọn tí oyún wọn ti dàgbà kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Nimia wà nínú wọn. Kí ó tó bímọ, Yirleza yóò kàn máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, bí ó ti yẹ.

Nígbà tó kan yíyàn, Dókítà kó àpòòwé méjìlá jáde, ó ní kí abúlé yan ẹnìkan tí yóò mú ọ̀kan. Nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, Medellín nìkan ló mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Wọ́n ní Nimia ni. Ó ní òun kò ní jẹ nínú rẹ̀, kí ló kan òun. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi yàn án nìyẹn. Ó rọra rìn lọ síwájú, ó mú ọ̀kan, ó gbé e fún Dókítà láìwò ó. Nígbà tó padà jókòó, Digna bi í lábẹ́lẹ̀ bóyá ó wúwo lọ́wọ́ tàbí ó fúyẹ́. Nimia ní, "Bó ṣe rí fún ẹ náà ló rí fún Pastora."

Mo gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ ojú omi pé Ilidia ọmọ rẹ ti lóyún oṣù mẹ́rin. Awakọ̀, Eufemia, kì í ṣe ìwọ. A ó sọ ìyẹn bí mo bá rí ọ. Ní báyìí, sọ fún un kí ó máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, bí orí bá sì fọ́ ọ tàbí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí Doña Berenice tí a jọ wà ní kíláàsì, sọ fún un pé mo ti ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ra bí mo bá ń kọ̀wé. Yirleza ní kí n kí ọ. Ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí, tí kò sì gbàgbé rẹ,

Saturia Rentería.