Abọ́sẹ̀dé, A Dá Máàkì Méjì Padà

Abọ́sẹ̀dé, aya mi, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o fi wá sílẹ̀, tí o kò sì wọlé mọ́. Ọdún mẹ́rin! Bí ilẹ̀kùn bá dún, mo ṣì máa ń yíjú wò ó.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ìwé ìrántí rẹ. Mo kọ ìlà mẹ́ta, ọwọ́ mi kò dúró. Jẹ́ kí n kúkú bá ọ sọ̀rọ̀ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

Dámiláre, ọmọkùnrin wa, ti wọ pólì. Ó ti ga jù mí lọ, irùngbọ̀n sì ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Ilé tí à ń kọ́ ní Alájué ti parí! Ọdún Àjíǹde tó kọjá la kó wọ ibẹ̀. Bíríkìlà bá mi jiyàn títí lórí fèrèsé yàrá wa, mo ní ibi tí ìyàwó mi sọ ni yóò kọjú sí, ibẹ̀ ló sì kọjú sí. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òkè Gada ṣì wà níbi tó wà. Tèmídayọ̀, ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí o lọ ti pé mẹ́tàdínlógún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, òun àti ẹgbẹ́ tí o dá sílẹ̀.

Kí àwọn tó máa ka ìwé yìí tí wọn kò mọ̀ ọ́ lè mọ̀ ọ́: olùkọ́ eré ìdárayá ni ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan nínú ìlú Ẹdẹ yìí. Ìwọ lo mú eré ṣíálídà débẹ̀. Kí o tó dé, ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa ṣíálídà kò ju àwọn ọmọge tó máa ń pariwo létí pápá nígbà tí àwọn ẹlòmíì bá ń gbá bọ́ọ̀lù. O ní rárá, eré ìdíje ni fúnra rẹ̀. O kó ọmọ mẹ́rìndínlógún jọ, o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fò, bí wọ́n ṣe ń tàkìtì, bí ọmọ mẹ́ta ṣe ń gbé ẹnì kan sórí àtẹ́lẹwọ́ tí yóò fi nàró ṣánṣán lókè. Ẹ̀rín ni mo fi ọ́ rín nígbà yẹn. Dárí jì mí.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí ẹ lọ, ní Ìbàdàn, mo tẹ̀lé yín torí pé èmi ni mo rán aṣọ wọn. Fàdìlàt ni olórí ẹgbẹ́ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ní kò ní bá wọn lọ àfi bó bá wọ ṣòkòtò gígùn tó sì bo orí. Mo wá aṣọ tó ń nà, mo rán ṣòkòtò àti ìborí rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Àwọn ọmọ yín gbé ara wọn ga ju ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó wá lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè! Nígbà tí wọ́n ka èsì, ipò kẹrin la wà. Kẹrin! Mo dìde, mo lọ bá àwọn adájọ́ nídìí tábìlì wọn.

Mo ní, “Ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ ò rí bí àwọn ọmọ yìí ṣe ga tó?”

O fà mí lẹ́wù.

Lọ́jọ́ Ajé, o gbé ìwé máàkì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, o tẹ́ ẹ lé orí aṣọ tí mo ń rán.

O ní, “Bàbá Dámi, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ibí. Àwọn adájọ́ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo bí ohun tí a ṣe ṣe le tó. Ẹnì kejì ń wo bó ṣe mọ́ tó: ṣé apá gbogbo wọn nà, ṣé ẹsẹ̀ wọn balẹ̀ pọ̀, ṣé ẹni tó wà lókè kò gbọ̀n. Ẹnì kẹta kò níṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá ṣubú, ẹni tó bá tẹ ẹ̀yìn ìlà, bí eré bá kọjá ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, òun ló ń kọ iye tí wọ́n máa yọ.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n tiwa ló ga jù.”

“Ó ga, wọ́n sì fún wa ní máàkì gíga náà. Ẹ rí i níbí. Ṣùgbọ́n Fàdìlàt gbọ̀n lókè, máàkì mímọ́ lọ. Ọmọ méjì ṣubú, wọ́n yọ méjì-méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí ẹ bá rán aṣọ oníbàárà ní sítáì mẹ́wàá, tí etí rẹ̀ wá wọ́, ṣé ẹ máa ní kó tìtorí sítáì gba aṣọ náà?”

Mo gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

O ní, “Àwa tí a jókòó, ariwo là ń gbọ́. Ìwé yìí kì í gbọ́ ariwo. Obìnrin tó wà lára àwọn adájọ́ tí ẹ pariwo mọ́ yẹn, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.”

O tẹ nọ́ńbà rẹ̀, o gbé fóònù sí mi létí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ìwọ náà sì dárí jì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá yín jókòó létí pápá. Mo mọ iye tí wọ́n ń fún ìfò, iye tí wọ́n ń fún àkìtì, mo mọ̀ pé bí ohun tó le bá fẹ́ já, ó sàn kí á ṣe èyí tó rọrùn kó mọ́. Ẹ bọ́ sí ipò kẹta, ẹ bọ́ sí ìkejì. Ẹ kò gba ife ẹ̀yẹ rí kí o tó lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí o ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ló ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni, lórí pápá, o ṣubú níwájú àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní ọsibítù. Lọ́jọ́ keje, o lajú, o bi mí bóyá àwọn ọmọ ṣe ìdánrawò. Mo ní wọ́n ṣe é. Irọ́ ni mo pa, Abọ́sẹ̀dé. Wọ́n jókòó síta ọsibítù, wọ́n ń sunkún.

Lẹ́yìn rẹ, ẹgbẹ́ náà túká. Wọ́n kó mátì sínú yàrá ẹrù, eku jẹ ẹ́. Ọdún kan àbọ̀ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàdìlàt wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Dádì, mo ti bá pírínsípà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ tún ẹgbẹ́ Àǹtí dá sílẹ̀. Ṣé ẹ máa rán aṣọ fún wa?”

Mo kàn mú téèpù ìwọnṣọ, mo ní kó lọ kó àwọn ọmọ wá.

Tèmídayọ̀ wà lára wọn. Ó fúyẹ́ bíi tìrẹ, òun ni wọ́n sì ń gbé sókè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó nàró lórí ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo sunkún tẹ́rùn kí n tó padà wá pàtẹ́wọ́.

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, a lọ Ìbàdàn. Inú rẹ ìbá dùn! Ìfò wọn ṣe déédéé, ohùn wọn jáde. Nígbà tí Tèmídayọ̀ ń bọ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ Ayọ̀bámi, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e, yọ̀. Ọmọ wa fi orúnkún àti ọwọ́ gúnlẹ̀, kíá ló ti dìde tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ rí i. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn gba méjìlélọ́gọ́rin. Àwa gba mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ipò kìíní! Fàdìlàt forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Èmi àgbàlagbà, mo jó.

A ti kọjá Gbọ̀ngán nígbà tí àwọn ọmọ kọrin títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Mo yọ ìwé máàkì jáde kí n tún fi ojú jẹ adùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Adájọ́ kẹta kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: ìṣubú kan, ẹ yọ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ro àròpọ̀ kò yọ ọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni tiwa. Ipò kejì la wà.

Abọ́sẹ̀dé, mi ò ní parọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò àyà. Mo ní ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Mo ní ife yìí ni ìwọ wá títí tí o kò rí, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láti ibẹ̀ títí dé Sẹ́kọ̀nà, mo ń bá ọ jà nínú ọkàn mi.

Ní Sẹ́kọ̀nà, bọ́ọ̀sì dúró kí àwọn ọmọ lè ra bọ̀ọ̀lì. Mo pe Fàdìlàt sápá kan, mo na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́bọ̀ọ̀lì.

Ó ní, “Dádì, ta ló tún mọ̀?”

“Èmi àti ìwọ.”

Ó ká ìwé náà, ó dìde. “Àwọn ọmọ ló gba ife yìí. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n.”

A kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, a sọ ọ́ fún wọn. Ayọ̀bámi fara ya. Ó ní, “Àwọn ló ṣe ìṣirò, àwọn ló jẹ̀bi! Kí ló kàn wá? Mọ́mì mi ti gbé fọ́tò wa sórí Wọ́sáàpù!” Òmíràn ní bí a bá dá a padà, gbogbo Ẹdẹ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Tèmídayọ̀ bọ́ síwájú, ó ní, “Mo mọ̀ látorí mátì pé wọ́n máa yọ méjì. Nígbà tí wọ́n pe mẹ́tàlélọ́gọ́rin, mo rò pé a ti yege ju bí mo ṣe rò lọ ni. Mo fẹ́ mọ iye tí a gbà gan-an.” Ó wá kọjú sí mi. “Dádì, tó bá jẹ́ pé Mọ́mì wà nínú bọ́ọ̀sì yìí ńkọ́?”

Mo ní, “Ìyá rẹ? Kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kúrò ní Ìbàdàn.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bú sẹ́kún. Fàdìlàt ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká dá a padà na ọwọ́. Ọmọ mọ́kànlá nínú mẹ́rìndínlógún nawọ́. Ayọ̀bámi kò na tirẹ̀. Ẹ̀bá títì níbẹ̀ ni Fàdìlàt ti pe àwọn tó ṣètò ìdíje.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, a padà sí Ìbàdàn. Tèmídayọ̀ ló gbé ife náà lọ́wọ́. Ó gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó gba méjìlélọ́gọ́rin. Kóòṣì wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ibtisam, di mọ́ Fàdìlàt, wọn kò sì tètè fi ara wọn sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yìn wá o. Pírínsípà kò dáhùn ìkíni mi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá Ayọ̀bámi wá kó aṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò tíì padà wá. Ó dùn mí, torí oníbàárà mi àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ayọ̀bámi ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Fàdìlàt lẹ ìwé máàkì náà mọ́ ògiri, ó ń kọ́ wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ìpàdé òbí tó kọjá, wọ́n ní kí èmi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì dání, mo sọ ti bó ṣe le tó, mo sọ ti mímọ́, mo sọ ti ìyọkúrò. Èmi télọ̀, mo di tíṣà!

Tèmídayọ̀ ti ṣe ìdánwò Jáàǹbù. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ló fẹ́ lọ kà. Mo ní kó kúkú ṣe nọ́ọ̀sì. Ó kàn wò mí ni, bí o ṣe máa ń wò mí, mo sì gba fún un.

Lánàá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ibojì rẹ, a ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fọ òkúta orí rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo rántí pé nígbà tí o wà láyé, bí èèyàn bá bi mí pé níbo ni ìyàwó mi wà, mo máa ń ní, “Ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré lórí pápá.” Mi ò sọ ọ́ rí pé ó wà níbi iṣẹ́. Mo sọ ọ́ lánàá. Mo sọ ọ́ sókè kí àwọn ọmọ wa lè gbọ́: iṣẹ́ ni o ṣe, Abọ́sẹ̀dé, iṣẹ́ ńlá ni.

Àárò rẹ ń sọ wá. Ó ń sọ Dámiláre tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ, ó ń sọ Tèmídayọ̀, ó ń sọ Fàdìlàt tí o kò bí. Èmi gan-an, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ti èmi. Mo fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ tí mo mú ọ wálé, mo fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ tí o lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ láàárọ̀ òní tí mo jí.

Ọkọ rẹ, Olúgbénga Fáwọlé, pẹ̀lú Dámiláre àti Tèmídayọ̀, Alájué, Ẹdẹ.